Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìṣirò Ìròyìn, Kóòdù àti Ìfọ̀rọ̀pamọ́ ní Yunifásítì: Ìtọ́sọ́nà fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ tó ń múra àtiwọ LAUTECH níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, cryptography ni mo fẹ́ kọ́. Kọ́ọ̀sì wo ni kí n mú nínú fọ́ọ̀mù JAMB?” Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ lórí ìdúró, nítorí pé cryptography, ìyẹn ìmọ̀ ìfọ̀rọ̀pamọ́, pẹ̀lú kóòdù àti ìṣirò ìròyìn tó ń bá a rìn, kì í sábà ní ẹ̀ka tó dá dúró ní àwọn yunifásítì wa. Ńṣe ló fọ́n ká sínú ẹ̀ka ìṣirò, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ẹ̀ka ẹ̀rọ iná mànàmáná, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló sì máa ṣà á jọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ ṣà á jọ lè mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ kó mọ́ra, àti bí yóò ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Mo tẹnu mọ́ ọwọ́ nítorí pé ìṣirò ni ìmọ̀ yìí láti òkè délẹ̀, ìwé àti bírò la sì fi ń gbọ́ ọ yé, pẹ̀lú nọ́ńbà kéékèèké, kí a tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ìbéèrè mẹ́ta tí ìmọ̀ náà ń dáhùn

Ní 1948, Claude Shannon, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ “A Mathematical Theory of Communication”. Inú rẹ̀ ló ti fi hàn pé ìròyìn ṣeé wọ̀n bí a ṣe ń wọn gàrí ní ọjà, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ń jẹ́ bíìtì, ìyẹn ìdáhùn kan sí ìbéèrè “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́”, tí a ń kọ ní 1 tàbí 0. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè mẹ́ta ti jókòó síwájú ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ yìí. Èkíní, báwo ni a ṣe lè ké ọ̀rọ̀ kúrú tó láìpàdánù ohunkóhun nínú rẹ̀? Èkejì, bí ariwo bá wà lójú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, kí ni a máa fi kún un kí ó lè dé ibi tó ń lọ láìyingin? Ẹ̀kẹta, báwo ni a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ ní gbangba kí ẹni tí kò kàn má sì gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀?

Àwọn onílù dùndún ti ń yanjú ìbéèrè kejì tipẹ́tipẹ́. Ìlù kì í fọ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í fọ fáwẹ̀lì. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ló lè gbé jáde. Bí onílù bá lu re-mí, “ilé” lè ni, “owó” lè ni, “iṣẹ́” tàbí “ọkọ́” sì lè ni. Nítorí náà, onílù tó ń kí àlejò ní ààfin Ṣọ̀ún kì í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kó dákẹ́. Odindi oríkì tàbí òwe tí etí ti mọ̀ ni yóò lù, nítorí pé gígùn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ó bá ọ̀rọ̀ mìíràn jọra. Àfikún tí kò sọ ohun tuntun, ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí a ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ni ìpìlẹ̀ gbogbo kóòdù tó ń tún àṣìṣe ṣe. Ẹ wá wo bí àwa náà ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù láìsí àmì: ohùn la sọ nù, lẹ́tà la fi sílẹ̀, ẹni tó bá sì rí “oko” níbẹ̀ kò mọ̀ bóyá oko ni, ọkọ ni, ọkọ̀ ni tàbí ọkọ́, àfi tí ó bá ka ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ohun tí onílù sọ nù ni a pa mọ́, ohun tó pa mọ́ ni a sọ nù, bẹ́ẹ̀ ìgbọ́ra-ẹni-yé ṣì ń wà ní ọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà ti ń kọ́ ìṣirò ìròyìn.

Ní ti ìbéèrè kẹta, ẹ rántí ẹnà tí a máa ń sọ nígbà èwe, tí a ó máa fi ohùn kan kún ẹ̀yìn sílébù kọ̀ọ̀kan kí ẹlòmíràn má bàa gbọ́. Ìdí kan ṣoṣo ló fi ń ṣiṣẹ́: ẹni tó ń gbọ́ wa kò mọ ọgbọ́n tí a dá. Gbàrà tó bá mọ̀ ọ́n, àṣírí tú, gbogbo ohun tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ sì tú pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1883 ni Auguste Kerckhoffs ti kọ ọ́ pé ọgbọ́n tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láìsí ewu, kí àṣírí wà nínú kọ́kọ́rọ́ nìkan. Àgádágodo irú kan náà ni ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ní Sábó ń rà, gbogbo ènìyàn ló sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kọ́kọ́rọ́ Ìyá Alásọ kò lè ṣí ti Bàbá Oníbàtà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ẹ̀ka tí ẹ máa wọ̀

Ẹ kò lè ṣe é láìsí kírédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Nínú UTME, lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ dandan, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mú ìṣirò àti físíìsì, kí ẹ wo ìwé JAMB fún ẹ̀kẹta, nítorí físíìsì kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ẹ̀ka ẹ̀rọ tì mọ́ yín.

Ẹ̀ka ìṣirò ni mo máa ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n wọ̀. Mo mọ̀ pé òbí púpọ̀ kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní iṣẹ́ kí ni ọmọ máa fi ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní álíjébrà lọ́wọ́ lè fi oṣù mélòó kan kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà kì í padà wá kọ́ álíjébrà mọ́ láéláé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fún yín, ẹ má ṣe banú jẹ́. Ẹ lọ bá olùdámọ̀ràn yín ní ẹ̀ka láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ béèrè èwo nínú àwọn kọ́ọ̀sì ìṣirò ni ẹ lè mú gẹ́gẹ́ bí elective. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ẹ̀rọ iná mànàmáná yóò pàdé kóòdù nínú ẹ̀kọ́ nípa ìbánisọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà kí wọ́n má dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ òpó mẹ́rin nílẹ̀

Ibí yìí ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà tèmi. Mo sáré lọ sórí RSA, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ kan tí a máa fi ọwọ́ ṣe ní ìgbésẹ̀ kẹrin, kí n tó mọ ohunkóhun nípa álíjébrà, mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo ìwé. Olùkọ́ kan wá bi mí níwájú kíláàsì pé kí ló dé tí nọ́ńbà kejì tí a fi ń ṣí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ wà. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Odindi sáà kan ni mo fi padà sẹ́yìn láti lọ kọ́ ohun tí mo fò. Kí ẹ̀yin má bàa fò ó, òpó mẹ́rin náà nìyí.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀ ìṣeéṣe, èyí tí ìwé kọ́ọ̀sì yín máa pè ní probability. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni mo fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Àbọ̀ èso 8 ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè kọjú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀. Bí ẹ bá sọ 2 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ nígbà 8, 256 ni ẹ máa rí, iye odù Ifá gan-an nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣeé ṣe bákan náà, ohun tí jíju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń sọ fún wa tó bíìtì 8. Ẹ jẹ́ ká wá ní èso kọ̀ọ̀kan wúwo lápá kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá ni yóò kọjú sókè. Òfin Shannon, tí à ń pè ní entropy, tó ń wọn bí ohun kan ṣe ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀ tó, yóò sọ pé bíìtì 0.469 péré ni èso kan ń gbé wá, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò sì ju bíìtì 3.75 lọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan náà ni, èso 8 kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tí a ti fura sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìròyìn púpọ̀ mọ́. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò yín ṣe é kí ẹ rí i fúnra yín. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé iye ló bá ara mu níhìn-ín. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tó bá ní Ifá àti kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe àwọn méjèèjì lóore.

Èkejì ni linear algebra, ìṣirò nípa àwọn nọ́ńbà tí a tò ní ìlà-ìlà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀yin, ẹ tún gbogbo ìbéèrè inú ìwé yín ṣe pẹ̀lú 0 àti 1 nìkan, nínú ayé tí 1 + 1 ti jẹ́ 0. Kò yàtọ̀ sí bọ́tìnnì iná ara ògiri: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná tàn, ẹ tún un tẹ̀, iná kú, ó padà síbi tó wà.

Ẹ̀kẹta ni number theory, ìmọ̀ nípa nọ́ńbà odidi àti ìṣẹ́kù tí pípín ń fi sílẹ̀. Ọjà ọrọọrún ti fi í hàn wá. Ọjọ́ 5 la máa ń kà, nítorí pé a ń ka ọjọ́ méjì tí ó wà ní ìpẹ̀kun mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ Ajé, Jímọ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Sátidé, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Kò fo ọjọ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí nọ́ńbà tó pín 4 àti 7 géérégé àfi 1. Ẹ wádìí ìdí yẹn títí ẹ ó fi lè kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ̀nà Euclid tí a fi ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù tó pín nọ́ńbà méjì. Lára rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí olùkọ́ bi mí wà.

Ẹ̀kẹrin ni abstract algebra: group, ring, field, ìyẹn àwọn àkójọ ohun tí a lè rò pọ̀ tàbí kí a sọ di púpọ̀ lábẹ́ òfin kan, bí a ṣe ń ṣe nọ́ńbà. Òun ló le jù, òun ni àwọn ọmọ sì ń sá fún jù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sá fún un. AES, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀pamọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìwọ̀n ní 2001, tí ọmọ ilẹ̀ Belgium méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ṣe, inú field kan tó ní ohun 256 ló ti ń ṣiṣẹ́. Àmì QR tí ẹ ń yà lórí fóònù náà ń lo field tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ fún kóòdù Reed àti Solomon, èyí tó ti wà láti 1960. Ìdí nìyẹn tí àmì QR tí eruku bo apá kan rẹ̀ lára ògiri fi ṣì máa ń ṣeé kà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ mẹ́ta yìí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà nínú àpò yín. Nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tí CBN gbé kalẹ̀, tí à ń pè ní NUBAN, ní díjíìtì 10, ṣùgbọ́n 9 àkọ́kọ́ nìkan ni nọ́ńbà àkáǹtì gan-an. Ìkẹwàá jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Bí a ṣe ń rí i nìyí. Ẹ kọ kóòdù báǹkì, tó jẹ́ díjíìtì 3, síwájú díjíìtì 9 náà, kí gbogbo rẹ̀ di 12. Ẹ fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún padà sí 3, 7, 3 títí dé òpin, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ mú díjíìtì tó gbẹ̀yìn nínú àròpọ̀ náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 10. Bí ó bá jẹ́ 10 ló kù, 0 ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká mú kóòdù 011 àti 000001457. Kóòdù báǹkì fún wa ní 0 + 7 + 3, ìyẹn 10. Lára díjíìtì 9 tó kù, 1 × 3 jẹ́ 3, 4 × 3 jẹ́ 12, 5 × 7 jẹ́ 35, 7 × 3 jẹ́ 21, àwọn tó kù sì jẹ́ 0. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 81. Díjíìtì tó gbẹ̀yìn jẹ́ 1, 10 tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 9, àkáǹtì náà sì di 0000014579.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Irú àṣìṣe wo ni ẹ̀ṣọ́ yìí lè mú? Bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ bá ṣi díjíìtì kan péré tẹ̀, yóò mú un ní gbogbo ìgbà, nítorí pé 3 àti 7 kò ní ohun tó pín àwọn àti 10 àfi 1. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣi ipò díjíìtì kẹfà àti ìkeje gbé fún ara wọn, kí ó tẹ 0000041579. 4 × 3 àti 1 × 3 ṣì jẹ́ 15, àròpọ̀ kò yí padà, ẹ̀ṣọ́ kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún díjíìtì kẹta àti ìkẹrin, nítorí pé 3 ni ó kan àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ìkeje àti ìkẹjọ ló ṣi gbé, àròpọ̀ yóò di 77, ẹ̀ṣọ́ yóò sì retí 3 dípò 9, yóò mú un. Iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ fún yín ni pé kí ẹ wá ìgbà tí 3 àti 7 tó fara kanra pàápàá kò ní lè mú irú ìpààrọ̀ yìí, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kó lọ ni ìbéèrè náà: níwájú kóòdù èyíkéyìí, ẹ bi í pé àṣìṣe wo ni kò lè rí.

Iṣẹ́ kejì ni ti Richard Hamming, tó tẹ kóòdù rẹ̀ jáde ní 1950. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń lò ní Bell Labs lópin ọ̀sẹ̀ lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i, ńṣe ló máa ń pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, tí yóò sì bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn. Hamming bi ara rẹ̀ pé bí ẹ̀rọ bá lè mọ̀ pé àṣìṣe wà, kí ló dé tí kò lè mọ ibi tó wà kó sì tún un ṣe. Ẹ ya àpótí 7 sórí ìwé, kí ẹ fi 1 dé 7 nọ́ńbà wọn. Ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ní 1, 0, 1, 1, yóò wọ àpótí 3, 5, 6 àti 7. Àpótí 1, 2 àti 4 jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ 1 ń ṣọ́ àpótí 1, 3, 5, 7. Ẹ̀ṣọ́ 2 ń ṣọ́ 2, 3, 6, 7. Ẹ̀ṣọ́ 4 ń ṣọ́ 4, 5, 6, 7. Kí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan rí i pé iye 1 tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ohun tí ẹ máa rí ni 0, 1, 1, 0, 0, 1, 1.

Ẹ wá yí àpótí karùn-ún padà sí 1, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yín láìsọ fún un. Yóò rí i pé ẹ̀ṣọ́ 1 ń ké, ẹ̀ṣọ́ 2 dákẹ́, ẹ̀ṣọ́ 4 ń ké. Kó ro 1 àti 4 pọ̀: 5. Àpótí karùn-ún ló bàjẹ́. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ girama lórí tábìlì mi níbí, mi ò sì tíì rí ẹni tí ojú rẹ̀ kò là nígbà tí nọ́ńbà náà dé ibi tó yẹ kó dé.

Iṣẹ́ kẹta ni RSA, tí Rivest, Shamir àti Adleman ṣe ní 1977, ọdún kan lẹ́yìn tí Diffie àti Hellman ti fi hàn pé a lè fi kọ́kọ́rọ́ kan hàn fún gbogbo ayé. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tí kò ṣeé pín, 5 àti 11. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 55. Ẹ yọ 1 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 4 × 10, ìyẹn 40. Ẹ mú 3 fún kọ́kọ́rọ́ ìta. Ọ̀nà Euclid yóò fún yín ní 27 fún kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, nítorí pé 3 × 27 jẹ́ 81, ìṣẹ́kù rẹ̀ nígbà tí a bá fi 40 pín in sì jẹ́ 1. Láti pa 7 mọ́, 7 × 7 × 7 jẹ́ 343, ìṣẹ́kù rẹ̀ lórí 55 jẹ́ 13. 13 ni ẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á yóò sọ 13 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí yóò fi pé 27, yóò máa mú ìṣẹ́kù lórí 55 bó ti ń lọ. Ẹ má ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlọ́gbọ̀n o. 13 × 13, ìyẹn 13 lẹ́ẹ̀mejì, fún yín ní ìṣẹ́kù 4, lẹ́ẹ̀mẹrin 16, lẹ́ẹ̀mẹjọ 36, lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún 31. 16 + 8 + 2 + 1 sì jẹ́ 27. Ẹ sọ 31, 36, 4 àti 13 di púpọ̀ pọ̀, ìṣẹ́kù yóò jẹ́ 7. Ọ̀rọ̀ padà délé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ wá gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà

Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, tí láàpútọ́ọ̀pù sì kú, iṣẹ́ kò dúró. Ẹ tẹ pow(13, 27, 55), yóò sọ 7. Ẹ tẹ pow(3, -1, 40), yóò sọ 27. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ètò kan tó ń fi ọ̀rọ̀ oníbíìtì 4 ránṣẹ́ gba ojú ọ̀nà tí ẹyọ kan nínú 100 bíìtì ti ń bàjẹ́. Láìsí kóòdù, bí 394 nínú 10,000 ọ̀rọ̀ ni yóò bàjẹ́. Pẹ̀lú kóòdù Hamming, yóò wálẹ̀ sí bí 20. Bí èsì yín bá jìnnà sí èyí, ètò yín ní àṣìṣe. Nígbà tí ẹ bá dé orí field, ẹ lọ sí SageMath, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹ ó ṣe máa kàwé

Ẹ ka àpilẹ̀kọ Shannon ti 1948 fúnra rẹ̀. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣeé kà fún ẹni tó ti wà ní ọdún kejì. Ìwé David MacKay, “Information Theory, Inference, and Learning Algorithms”, tó jáde ní 2003, ṣeé kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àṣẹ òǹkọ̀wé, ó sì kó ìròyìn àti kóòdù pọ̀ sójú kan. Ẹ gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ tí dátà bá wà. Ojú ìwé kan ní wákàtí méjì kò lọ́ra jù, bí bírò bá wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ó jọ máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ̀yin kọ̀ọ̀kan dúró níwájú bọ́ọ̀dù kí ó ṣàlàyé ẹ̀rí kan ní Yorùbá. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí ọmọ bá ń ka Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé jáde, ó lè kà á tán láìyé e, kí àwa náà tó ń gbọ́ má sì fura. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí òun sọ ọ́ ní Yorùbá, ibi tí kò yé e ni ọ̀rọ̀ yóò ti dá mọ́ ọn lẹ́nu, ibẹ̀ náà sì ni ẹ óò jọ padà sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe dá ọgbọ́n ìfọ̀rọ̀pamọ́ tiyín sílẹ̀ kí ẹ wá fi í ṣọ́ owó tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ dá a sílẹ̀ láti fi kọ́ ẹ̀kọ́, kí ẹ fún àwọn ẹgbẹ́ yín kí wọ́n fọ́ ọ. Ẹ óò kọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Fún iṣẹ́ gidi, ohun tí gbogbo ayé ti gbìyànjú láti fọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò fọ́ ni kí ẹ lò.

Èkejì, ẹ má ṣe wọ inú ẹ̀rọ tàbí àkáǹtì ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, kódà bí ó bá jẹ́ láti fi han olóhun pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òfin Cybercrimes ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, ka ìwọlé láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó ní làákàyè tí irú ọ̀rọ̀ báyìí dá dúró lẹ́nu ẹ̀kọ́, ó sì dùn mí dọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Iṣẹ́ àṣekágbá àti ohun tó kàn

Fún project ọdún tó kẹ́yìn, ẹ mú ohun kékeré tí ẹ lè ṣe dé òpin. Èyí tí ó wù mí jù ni pé kí ẹnìkan kó ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi àmì sí dáadáa jọ, kí ó wọn entropy rẹ̀, kí ó yọ gbogbo àmì kúrò, kí ó tún un wọ̀n, kí ó sì sọ fún wa iye bíìtì tí ohùn ń gbé nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò rẹ̀ kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ náà sì máa wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ kọ kíbọ́ọ̀dù tàbí ètò tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí kóòdù àti ìfọ̀rọ̀pamọ́ ti pàdé, kí ó wo ọ̀nà McEliece ti 1978, tó fi kóòdù tó ń tún àṣìṣe ṣe pa ọ̀rọ̀ mọ́. Láti 1994 tí Peter Shor ti fi hàn pé kọ̀ǹpútà quantum, irú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń lo òfin físíìsì àwọn ohun tíntìntín, bí ó bá tóbi tó, lè fọ́ RSA, ni irú ọ̀nà báyìí ti di ohun tí a ń wá kiri. Ní 2024 ni NIST, àjọ tó ń gbé ọ̀pá ìwọ̀n kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tẹ àwọn ọ̀pá ìwọ̀n àkọ́kọ́ tó wà fún ìgbà tí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá dé jáde, lára wọn ni ML-KEM, tí ẹni méjì fi ń ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan náà. Álíjébrà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lé lórí.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú fún másítà, ẹ wo AIMS (African Institute for Mathematical Sciences), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní South Africa ní 2003, tó sì ní ilé ẹ̀kọ́ ní Ghana, Senegal, Cameroon àti Rwanda pẹ̀lú. Ẹ ti sọ fún olùkọ́ méjì tó mọ iṣẹ́ yín kí ẹ tó jáde pé ẹ máa nílò lẹ́tà wọn, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀dà project yín kí wọ́n lè rántí yín lẹ́yìn ọdún ìsìnrú ìlú. Ẹ sì béèrè fún transcript yín kí ẹ tó lọ sí àgọ́ NYSC, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí ìpínlẹ̀ tó jìnnà kì í rọrùn fún láti padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́.